Ẹ Pa Ẹnu Mọ́ Díẹ̀, Kí Labalábá Lè Sọ̀rọ̀

Ilé tí ọmọ kékeré bá wà, ẹ mọ bí àárọ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Omi ń hó lórí iná, ẹnìkan ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan tó sá pamọ́, ẹnìkan ń kígbe pé òun ti pẹ́, ọmọ náà sì ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ láàárín wọn: mo fẹ́ èyí, mi ò fẹ́ ìyẹn, gbé mi, sọ̀ mí.

Nílé Ìyá Aránṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láràárọ̀, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ọmọ ilé náà kì í sọ pé òun fẹ́, kì í sì í sọ pé òun ò fẹ́.

Ọmọbìnrin ni. Ó ti tó ọmọ tí à ń rán níṣẹ́ kó lọ kó bọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa gbọn ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bí ohun tó fẹ́ fò, ìdí nìyí tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Labalábá. Kì í pẹ́ wo ènìyàn lójú. Bí a bá gbé agolo bọ́tìnì ìyá àgbà fún un, ó lè jókòó tì í títí oòrùn á fi yí, á máa dà á sílẹ̀, á máa tò ó ní àwọ̀ ní àwọ̀, á tún kó o padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀, rárá o. Bó bá tilẹ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán ni yóò dá padà fún un bí ògiri ilé òfìfo.

Ìyá Aránṣọ ló jẹ́ ẹnu fún un. Bàbá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ ìyá yìí, mẹkáníìkì ni, kì í tètè délé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Labalábá ń gbé ọ̀sán rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, lórí àjákù aṣọ. Ẹsẹ̀ ìyá á máa tẹ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á máa lọ sára ọmọ. Bí Labalábá bá wo ìhà ibi tí omi wà, ìyá ti bu omi. Bó bá fa èjìká kan sókè, ìyá ti mọ̀ pé ọrùn aṣọ ń yún un. Bó bá dìde tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ilé ìyàgbẹ́ ni. Kò sí ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá Aránṣọ gba òwe yẹn gbọ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ pa á lọ.

Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ojú òsì rẹ̀ ti kú láti ìgbà ọmọdé, ọ̀tún nìkan ló ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Ó kọ́kọ́ rò pé gílóòbù ilé ló ti gbó. Ọmọ rẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù, ó ní wọ́n ti lu ọmọ òun ní jìbìtì, tuntun yìí náà kò mọ́lẹ̀. Ìgbà tó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi tó yẹ kí orí gbà jáde ni ọmọ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà ní nǹkan funfun kan ló ń bo ẹyinjú náà bí ìkùukùu. Ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n á mú un kúrò, ìyá á sì tún máa fi òwú wọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi falẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á di ojú náà títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ, kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ.

Ìyá Aránṣọ ní òun ò ṣe. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò ṣe.

"Ta ni yóò máa gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń wí?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, kò wí nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ń wò ó." Ọkùnrin náà fi àkísà nu òróró ọwọ́ rẹ̀ kó tó rọra fi kún un pé, "Bí ojú yẹn náà bá sì lọ, kí lẹ ó máa fi wò ó?"

Nǹkan tí ìyá náà ti ń rò kiri ọkàn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nìyẹn.

Alájọgbélé wọn kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọ́-Tèmi, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ tí kò ní ní kí ẹ gbọ́ tòun. Òun ló gbé ìgò òògùn kan wá. Ó ní ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó nídìí ọkọ̀ ló ń tà á, pé ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, ahọ́n tó so á tú. Ó tún fi tirẹ̀ lé e pé ìyá ọmọ ló fà á, pé fóònù ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi lóyún rẹ̀, ojú ọmọ á ṣe wá mọ ènìyàn?

Ìyàwó ilé, ìyá Labalábá, kàn gba ìgò náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n gbé àbùkù fún. Ìyá Aránṣọ ló ṣí i, tó gbóòórùn rẹ̀, tó ní ohun tí ọmọ òun fi ń fọ ọ̀dà kúrò lára mọ́tò ń rùn jù báyìí lọ díẹ̀ ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kan ọmọ lẹ́nu títí àwọn elétò ìlera á fi rí i.

Bí wọ́n ṣe gba ilé ìwòsàn lọ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí Labalábá wò, etí rẹ̀ ń gbọ́ ketekete. Dókítà tó ń wo àwọn ọmọdé bá a ṣeré pẹ́, ó bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀, lẹ́yìn náà ló ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe àìsàn tí à ń kó ran ara wa, kì í ṣe agídí, kì í ṣe èpè. Ọpọlọ ọmọ náà kàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ gbọ́ ayé ni. Ó wá júwe yàrá kan fún wọn níkọ̀rọ̀, níbi tí olùkọ́ ọ̀rọ̀-sísọ wà.

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni olùkọ́ náà. Bó ṣe dìde, ó di ojú ilẹ̀kùn pa. Ìyá Aránṣọ rò ó pé ohùn irú ènìyàn báyìí á lé ọmọ òun sá. Àṣé ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó sì fi àga sílẹ̀ fún àwọn àlejò.

Ìgò òògùn ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí i. Ó yí i po, ó wá orúkọ ẹni tó ṣe é tì, ó wá ohun tó wà nínú rẹ̀ tì. Ó ní kò sí òògùn inú ìgò tí ń fún ọmọ ní ọ̀rọ̀, pé irú èyí sì lè ba ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́.

Ìyàwó ilé ń wo ilẹ̀. "Sà, ṣé èmi ni mo fà á?"

"Ẹ̀yin kọ́," ni olùkọ́ dáhùn. "Bí wọ́n ṣe ń bí ẹlòmíràn ní ọlọ́wọ́ òsì náà ni. Ẹni kan kọ́ ló jẹ̀bi."

Obìnrin náà fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé ẹrù yẹn.

Olùkọ́ wá kọjú sí ìyá àgbà. Ó béèrè ohun tí Labalábá fẹ́ràn jù láyé. Ìyá ní bọ́tìnì ni, ó sì yọ agolo rẹ̀ jáde nínú àpò, nítorí kì í gbé ọmọ náà jáde láìmú un dání. Olùkọ́ béèrè bí ọmọ náà ṣe máa ń tọrọ rẹ̀.

"Kì í tọrọ. Mo máa ń gbé e fún un ni."

"Ẹ ṣeun, mà. Ìfẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. A fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí a sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má ṣubú."

Ó dé agolo náà pinpin, ó gbé e síwájú Labalábá. Ọmọ náà fà á, kò ṣí. Ó tún fà á, kò ṣí. Ló bá tì í sí ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ìyá ti ń lọ, olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró.

Ó tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣí i."

Labalábá ń wo agolo.

"Ṣí i," ni olùkọ́ tún wí.

"Ṣí i," ni ọmọ náà wí.

Kò tíì pa ẹnu dé tí agolo ti ṣí. Bọ́tìnì dà yàà sílẹ̀, ọwọ́ Labalábá sì fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ìyàwó ilé di ìyá ọkọ rẹ̀ lápá mú.

Olùkọ́ ṣàlàyé pé títa ọmọ lólobó ni à ń pe ohun tí òun ṣe yẹn. Ó ní kí wọ́n ṣàkíyèsí pé òun ò sọ pé "sọ pé ṣí i," nítorí irú ọmọ tó ń dá ọ̀rọ̀ padà báyìí á gbé gbogbo rẹ̀ sọ. Òun ò sì bi í pé kí lo fẹ́, nítorí ìbéèrè náà ni yóò dá padà. Ọ̀rọ̀ tí à ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni a ó fi tà á lólobó, ní àkókò tó ń fẹ́ nǹkan náà gan-an. Bó bá ti sọ ọ́, kó rí i gbà lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àti nǹkan náà so mọ́ra lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìjà o. Bí ọmọ bá ti ń sunkún, kí wọ́n fún un, kí wọ́n tún gbìyànjú nígbà míì.

Ìyá Aránṣọ fọkàn sí i. Gbogbo ohun tí Labalábá ń fẹ́ ló gbé sókè díẹ̀, sí ibi tí ojú tó o tí ọwọ́ kò tó o. Nígbà tí "ṣí i" mọ́ ọn lẹ́nu, ìyá kò sọ gbogbo rẹ̀ mọ́, á kàn ká ètè jọ, á ní "Ṣ…" bí ẹni tó ń lé adìyẹ, ọmọ á sì parí rẹ̀. Ti omi, á ní "O…" Ti gbé mi, á ní "Gb…" Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ìyá ṣe rí i pé ọmọ ti ń sọ ohun tó ń fẹ́, ó gbà fún dókítà ojú, wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ẹni tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lásìkò náà, ó máa rò pé ìyá yìí ń kólòlò ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ fi aṣọ kan jíṣẹ́ fún oníbàárà. Ìyàwó ilé ti tibi iṣẹ́ dé, òun ló wà pẹ̀lú ọmọ. Nígbà tí ìyá padà, ẹkún ló gbọ́ látìta, ẹkún ọmọ àti ẹkún àgbà.

Labalábá dúró níwájú àmù omi, ó ká ẹnu róbótó, ó ń dúró. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ife lọ́wọ́. Ó ti bi í pé kí lo fẹ́, ọmọ ní kí lo fẹ́. Ó ní ṣé omi ni, ọmọ ní ṣé omi ni. Ó gbé ife sí i lẹ́nu, ọmọ náà gbá a dànù, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti há sí i lẹ́nu, kò fẹ́ mu omi láìsọ ọ́.

Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "O…" ló wí.

"Omi," ni Labalábá wí. Ó mu ife kan, ó gba òmíràn.

Adùn kékeré kan kọ́kọ́ gba àyà ìyá àgbà kọjá, pé òun náà ni, àfi òun. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ìyàwó ilé ń fa imú lẹ́yìn kọ́tìnì, adùn náà sì kan.

"Ìyá, n kò bínú," ni obìnrin náà sọ látibẹ̀. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, òùngbẹ á gbẹ ọmọ mi níwájú omi, èmi ìyá ẹ̀ á sì dúró tì í."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ olùkọ́. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Aránṣọ sì ti mú aṣọ kan dání, ẹni tó bá ní iṣẹ́ oníbàárà lọ́rùn kì í fi ọwọ́ lérán. Ó ń fa òwú funfun kan yọ lára rẹ̀ nígbà tó kàn wọ́n. Olùkọ́ gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà. Kò dá wọn lẹ́bi. Ó kàn béèrè ohun tí ìyá ń fà yọ.

Ìyá ní òwú tí òun fi di aṣọ mú ni, kó má baà yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti rán an tán, a ó fà á yọ.

"Bí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ta ni yóò wọ irú ẹ̀? Á máa fún un ní gbogbo ibi tó bá yí sí, ayé á sì máa rí òwú funfun lára ẹ̀." Ọwọ́ ìyá dúró. Ó wo òwú, ó wo Labalábá. "'O…' tí mo máa ń ṣe yẹn," ló wí.

"Òun náà ni, mà. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti kọjá níbẹ̀."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn ní yékéyéké. Gbogbo olobó tí a bá ta fún ọmọ, láti ọjọ́ tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti máa múra láti yọ ọ́. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti rọrùn, kí a sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá rọrùn, kí a ká ètè láìsí ohùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a gbé àgbọ̀n sókè kí a wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ká kàn dúró. Dídúró yìí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àgbà kì í fẹ́ kí àyè òfìfo wà. Ó ní àtipé kí ó má jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa ta á lólobó, kí ọmọ má baà rò pé ara ẹni yẹn ni ọ̀rọ̀ òun wà.

Ìyá Aránṣọ ní òun gbọ́, àmọ́ ẹnu òun ni kì í gbọ́ràn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ẹ mọ̀ pé bí aránṣọ bá ń wọn aṣọ lára oníbàárà, ètè ló fi ń di píìnì mú. Bí Labalábá bá ti ń bọ̀, ìyá á kó píìnì sáàárín ètè. Ẹni tó ń di píìnì mú lẹ́nu kò lè sọ "O…" Ọmọ á dúró, ìyá á dúró, ìyá á gbé àgbọ̀n sókè pẹ̀lú píìnì, bí òòrẹ̀ tó ń kí ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán èyí wò nílé o. Ẹ kàn pa ẹnu dé.

Bàbá Labalábá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti ń wá ohun tí yóò pa ìyá òun lẹ́nu mọ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n òun náà kọ́ ọ. Ó ní ó yé òun dáadáa, pé mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, a kì í tì í mọ́.

Ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí àpótí ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó tún yá, ó bọ́ síta, ó ń gbá ibi tí kò dọ̀tí. Labalábá kọ́kọ́ ń na ọrùn wá a. Ìyá rẹ̀ á ní "O…" fún un, lẹ́yìn náà ó dín in kù sí àgbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sí àgbọ̀n, kò sí ètè, obìnrin náà kọ̀yìn sí i tó ń ká aṣọ, ló gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Omi." Ó bu omi náà débi pé ife kún, ó dà sílẹ̀, ó ń dà, kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi, ṣí i, gbé mi, ó tó. Ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ mọ̀ pé wọn kò kún ọwọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ará ilé sì fẹnu ara wọn kọ́ ọ. Bí ohun tí ọmọ náà bá fẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà kò bá sí nínú wọn ńkọ́? Pẹ̀lú èrò yìí ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé e délé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n ti fi òwú àti ike bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Inú òkùnkùn ló wà. Wọ́n mú un jókòó sórí àga gígùn ní pálọ̀, ó na ara lé e. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú, kò gbọdọ̀ sunkún.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan mú ọwọ́ rẹ̀, ó fà á, ó sì fi sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ kò mọ ohun tó fẹ́. Kò rí ibi tí ojú ọmọ náà ń lọ, kò rí èjìká rẹ̀, kò rí bóyá ó ń yí po. Gbogbo orúkọ nǹkan tó wà nílé sáré wá sí i lẹ́nu: ṣé omi ni, ṣé bọ́tìnì ni, ṣé ebi ń pa ọ́. Kò sí píìnì. Ó fi eyín di ètè mú.

Ọwọ́ náà tún fà á. Ó gbọ́ èémí ìyàwó ilé lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ pé òun náà kò sọ nǹkan kan. Ilé náà kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Sún," ni Labalábá wí.

Ìyá àgbà kò mira.

"Sún," ni ọmọ náà tún wí, ketekete.

Ó sún. Labalábá gun àga, ó jókòó sí àyè tó ṣófo náà, ó sì fi orí ti ìyá àgbà rẹ̀ lápá. Kò béèrè nǹkan míì. Ibẹ̀ ló fẹ́ jókòó sí.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní "sún." Ibi tó ti rí i, títí dòní wọn ò mọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá Aránṣọ kò ríran nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ó ní kí ìyàwó òun wá bá òun sun ẹkún náà, nítorí ti òun kò ṣeé sun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin ará ilé gbogbo, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ yín kò bá sọ̀rọ̀ ní ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, ẹ má pa á mọ́ sílé, ẹ má sì nà án. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo òun náà. Ẹ má ra ìgò òògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó ahọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi rẹ̀ lé ìyá ọmọ lórí.

Ẹ ta ọmọ náà lólobó. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó ń wá fún un, nígbà tó ń wá a, kó sì rí nǹkan náà gbà bó bá ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní tètè dé bá, tàbí tí kò ní pọ̀ lẹ́nu wọn láéláé. Àwọn yẹn lè fi ọwọ́ sọ ọ́, wọ́n lè tọ́ka sí àwòrán, ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ẹ dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n bí olobó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ rọra máa mú un kúrò. Ẹ dúró. Bí kò bá sọ ọ́ lónìí, ẹ tún dúró lọ́la.